Iyán Ogún Ọdún: Ìtàn Bí Oúnjẹ Ṣe Wọ Inú Àwòrán

Bí ẹ bá bi ọmọ Ṣúpárè Àkókó léèrè oúnjẹ tí wọ́n fi ń ṣe àlejò pàtàkì nílé wọn, iyán ni yóò kọ́kọ́ dárúkọ. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ rí ní Àkùngbá, ní Ọ̀kà, ní Ìkàrẹ́, àti ní gbogbo ìlú tí ó wà láàárín àwọn òkè olókùúta Àkókó. Àwọn àgbà tí wọ́n pe iyán ní oúnjẹ, tí wọ́n sì pe ọkà ní oògùn, kò sọ àsọdùn lójú ará ibẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ wá ní kí ọmọ náà wọ yàrá bàbá rẹ̀ lọ, kí ó gbé àpótí tí wọ́n kó fọ́tò àtijọ́ sí jáde, kí ó wá iyán nínú rẹ̀ fún yín. Ó ṣeé ṣe kí ó wá a títí kí ó má rí i. Yóò rí bàbá àgbà tí ó jókòó lórí àga pẹ̀lú agbádá, tí ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé eékún. Yóò rí ọmọ tí wọ́n ń ṣe ọjọ́ ìbí fún. Yóò rí ọkọ àti ìyàwó tí wọ́n jọ di ọ̀bẹ kan mú, tí wọ́n ń gé kéèkì. Kéèkì náà ga, ó funfun, ó dúró gbọnin níwájú kámẹ́rà. Ẹni tí ó sì jẹ nínú rẹ̀ lọ́jọ́ náà, èyí tí kò ju ìka méjì lọ ni ó kàn án. Iyán tí àwọn obìnrin ilé ti ń gún ní ẹ̀yìnkùlé láti ìdájí, iyán tí gbogbo àlejò jẹ yó kí wọ́n tó padà sílé, ẹnikẹ́ni kò yà á.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ohun tí a bá yà sínú fọ́tò ni a ń sọ fún àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn pé ó níyì. Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ kí a jọ wo ìtàn bí oúnjẹ ṣe wọ inú àwòrán, ìdí tí tiwa fi pẹ́ kí ó tó wọ ibẹ̀, àti ohun tí ó yẹ kí a ṣe nísinsìnyí tí kámẹ́rà ti wà nínú àpò tẹrú-tọmọ.

Lákọ̀ọ́kọ́, kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé òyìnbó ni ó kọ́ Yorùbá pé ojú ń jẹun ṣáájú ẹnu. Ẹ lọ sí ọjàkọ́jà, kí ẹ wo bí aláta ti ń to ata rẹ̀. Èyí tí ó pọ́n jù, tí ara rẹ̀ ń dán, ni ó ń fi sókè. Èyí tí ó ti ń rọ̀ wà nísàlẹ̀. Onísu kì í da iṣu sílẹ̀ bí ẹni da igi ìdáná. Ó ń tò ó lọ́wọ̀ọ̀wọ́, kí ẹni tí ń kọjá lè rí i bí ó ti tóbi tó. Obìnrin tí ó mọ iyán í gún kì í sì í bù ú sínú àwo lásán. A fi omi tútù ra ọwọ́, a yí iyán náà róbótó, a sì tún fi ọwọ́ tútù pa á lórí títí yóò fi dán bí ẹyin. Kí ni omi yẹn wà fún? Kò fi adùn kankan kún iyán. Nítorí ojú àlejò ni.

Àwọn baba wa tilẹ̀ ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n fi ọnà sí ara ohun tí a fi ń gbé nǹkan jíjẹ wá síwájú ènìyàn. Ọlọ́wẹ̀, gbajúmọ̀ agbẹ́gilére ará Ìsẹ̀-Èkìtì tí ó kú ní 1938, gbẹ́ àwo obì kan tí obìnrin tí ó kúnlẹ̀ gbé dání, tí àwọn ọmọbìnrin sì ń jó lórí ìdérí rẹ̀. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan ní Washington ní Amẹ́ríkà ni àwo náà wà lónìí, tí aráyé ń lọ wò ó. Obì tí a gbẹ́ ẹ fún ti di ohun ìgbàgbé, ṣùgbọ́n àwo rẹ̀ kò parun.

Síbẹ̀, àṣà kan tún wà tí ó dojú kọ èyí. Ìdérí ni a fi ń bo oúnjẹ wa. Ìdérí wà lórí àwo iyán, ìdérí wà lórí àwo ọbẹ̀, ẹni tí ó fẹ́ jẹun ni ó sì ń ṣí i. A kì í wo ẹni tí ń jẹun lẹ́nu. Ọmọ tí ó bá tẹjú mọ́ oúnjẹ àlejò, wọ̀bìà ni wọn yóò pè é, ìyá rẹ̀ yóò sì ṣẹ́jú sí i kí ó kúrò níbẹ̀. Níbi tí a ti kọ́ ènìyàn láti kékeré pé kí ó gbé ojú kúrò lára oúnjẹ, kò yani lẹ́nu pé nígbà tí kámẹ́rà dé, kò sí ẹni tí ó sáré lọ ṣí ìdérí àwo fún un.

Ní ìlú òyìnbó, ọ̀nà mìíràn ni nǹkan gbà. Ó ti tó ọgọ́rùn-ún ọdún méjì kí kámẹ́rà tó dé tí àwọn ayàwòrán ilẹ̀ Holland ti ń fi ọ̀dà ya èso, ẹja, búrẹ́dì àti ife wáìnì, tí àwọn olówó sì ń rà á kọ́ sí ara ògiri. Nígbà tí Joseph Nicéphore Niépce, ará Faransé tí ó kú ní 1833, ń wá ọ̀nà tí ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀ yóò fi máa ya àwòrán, tábìlì oúnjẹ wà nínú ohun tí ó yà: àwòrán kan tí a kà sí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ti tábìlì tí a tẹ́ fún ẹni tí ó fẹ́ jẹun, pẹ̀lú àwo, ọ̀bẹ, ìgò àti búrẹ́dì lórí rẹ̀. Ní 1839, Louis Daguerre fi ọ̀nà tirẹ̀ han aráyé ní Paris. Ní ọdún kan náà, William Henry Fox Talbot kéde tirẹ̀ ní England. Láti 1844 títí dé 1846, Talbot gbé ìwé kan jáde ní ìpín-ìpín tí ó pè ní The Pencil of Nature, tí ó lẹ fọ́tò mọ́ inú rẹ̀. Àwòrán mẹ́rìnlélógún ni ó wà níbẹ̀. Èyí tí ó kẹ́yìn nínú wọn jẹ́ ti agbọ̀n èso méjì lórí tábìlì tí a tẹ́ aṣọ sí, ọ̀pẹ̀yìnbó sì wà láàárín àwọn èso náà.

Ẹ ó bi mí pé, kí ló dé tí wọ́n yan èso àti búrẹ́dì? Ìdí kan ni pé wọn kì í mira. Kámẹ́rà ayé ìgbà náà lọ́ra púpọ̀. Ó ní láti ranjú mọ́ nǹkan fún ìgbà pípẹ́ nínú oòrùn kí àwòrán tó jáde. Ènìyàn yóò mí, yóò ṣẹ́jú, yóò yún ara. Ewúrẹ́ yóò rìn lọ. Ọ̀pẹ̀yìnbó kò ní lọ síbì kan. Ìdí kejì ni pé wọ́n fẹ́ fi hàn pé ohun tí ayàwòrán ọlọ́dà lè ṣe, ẹ̀rọ náà lè ṣe é. Roger Fenton, ẹni tí ó lọ ya àwòrán ogun Crimea ní 1855, padà wálé, ó sì fi ọdún 1860 ya àwòrán èso àti òdòdó ní ọ̀pọ̀lọpọ̀. Báyìí ni oúnjẹ òyìnbó ṣe bá kámẹ́rà dàgbà pọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wá rò ó pé irú kámẹ́rà bẹ́ẹ̀ dé Ṣúpárè láyé ìgbà náà, tí a gbé iyán àti ọbẹ̀ síwájú rẹ̀. Kí ni yóò jáde? Dígí tí wọ́n kùn ní oògùn ni wọ́n fi ń ya fọ́tò nígbà náà, oògùn náà kò sì mọ gbogbo àwọ̀. Ìmọ́lẹ̀ tí ó bá ní àwọ̀ aró, bíi ti ojú ọ̀run, ni ó ń rí dáadáa. Kò rí pupa rárá, ohun pupa sì ń jáde ní dúdú. Ẹ wo ìyà tí èyí ìbá fi jẹ ọbẹ̀ wa! Epo pupa tí ń dán lójú ọbẹ̀, tàtàṣé, ata rodo, gbogbo wọn ìbá dà bí èédú. Oúnjẹ òyìnbó tí ó jẹ́ funfun àti ràkọ̀ràkọ̀, búrẹ́dì, wàrà àti èso, kò ní irú ìṣòro yìí tó tiwa.

Ní 1906 ni dígí tí ó mọ gbogbo àwọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wà ní ọjà ní England, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé dúdú àti funfun náà ni ó ṣì ń gbé jáde. Ní 1907, àwọn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò Lumière ní Faransé bẹ̀rẹ̀ sí í ta dígí tí ń gbé àwọ̀ fúnra rẹ̀ jáde. Ní 1935, ilé iṣẹ́ Kodak gbé fíìmù aláwọ̀ tí wọ́n pè ní Kodachrome jáde. Ṣùgbọ́n owó gọbọi ni fíìmù aláwọ̀, fífọ̀ rẹ̀ sì ṣòro. Oníṣẹ́ fọ́tò ìlú kékeré kò lè fi tọrẹ fún àwo ẹ̀fọ́. Nínú fọ́tò dúdú àti funfun, ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ àti ọbẹ̀ ata jọ ara wọn bí ìbejì. Ẹni tí ó bá wò wọ́n kò ní mọ èyí tí í ṣe Táíwò, kò ní mọ èyí tí í ṣe Kẹ́hìndé.

Kì í ṣe pé a kò ní àwọn tí ó mọ iṣẹ́ náà. Kí ọ̀rúndún kọkàndínlógún tó parí, àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú ti ń ṣe iṣẹ́ fọ́tò ní Èkó. N. Walwin Holm, ọmọ ilẹ̀ Gold Coast tí ó wá jókòó sí Èkó, wà lára àwọn tí òkìkí wọn kàn jù. Ṣùgbọ́n ohun tí àwọn ènìyàn bẹ̀ wọ́n fún ni fọ́tò iyì. Ní 1975, ará Amẹ́ríkà kan tí ń jẹ́ Stephen Sprague lọ sí Ìlá Ọ̀ràngún láti wo bí Yorùbá ti ń ya fọ́tò, ó sì tẹ ohun tí ó rí jáde ní 1978. Ó rí i pé ìlànà wà fún fọ́tò àgbàlagbà: kí ó jókòó, kí ó kọjú sí kámẹ́rà tààrà, kí ọwọ́ wà lórí eékún, kí aṣọ tẹ́ rẹrẹ. Fọ́tò bẹ́ẹ̀ ń sọ ipò tí ènìyàn wà láyé, ó sì tún ń dúró dè é di ọjọ́ ìsìnkú rẹ̀.

Nínú irú fọ́tò iyì bẹ́ẹ̀ ni kéèkì ti rí àyè wọlé. Kì í ṣe nítorí pé ó dùn. Ó jẹ́ àmì pé ìgbéyàwó náà jẹ́ ti ṣọ́ọ̀ṣì, pé tọkọtaya mọ̀wé, pé wọ́n bá ayé mu. Iyán kò ní irú àmì bẹ́ẹ̀ láti fi hàn, nítorí pé gbogbo ilé ni ó wà, ohun tí ó bá sì wà ní gbogbo ilé, a kì í rò pé yóò tán. Inú ìwé ni oúnjẹ wa ti kọ́kọ́ rí ibi ìsádi. Ní 1934, ilé ìtàwé C.M.S. ní Èkó tẹ ìwé Kudeti lórí oúnjẹ Yorùbá jáde. Ní 1957, ilé iṣẹ́ Longmans tẹ ìwé sísè tí Ọmọ́ṣùnlọlá Williams kọ jáde. Àwọn obìnrin tí ó kọ irú ìwé wọ̀nyí yẹ fún ọpẹ́ wa. Ṣùgbọ́n ìwé lè sọ iye iyọ̀ tí a ó fi sí ọbẹ̀; bí ọbẹ̀ náà ti ń dán lójú jẹ́ iṣẹ́ àwòrán.

Ìpolówó ọjà ni ó wá sọ àwòrán oúnjẹ di ohun tí gbogbo wa ń rí lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n oúnjẹ inú agolo ni ó pọ̀ jù níbẹ̀. Ẹni tí ó bá ṣí ìwé ìròyìn ayé àwọn òyìnbó amúnisìn yóò bá Ovaltine, Bournvita àti Bovril pàdé. Ife tí ooru ń rú lórí rẹ̀, ọmọ tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ yọ, ìyá tí ń rẹ́rìn-ín: bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń kọ́ wa pé inú agolo ni agbára wà. Ọmọdé tí ó ń rí ife yìí lára ògiri lójoojúmọ́, tí kò sì rí àwòrán ẹ̀kọ ìyá rẹ̀ níbì kankan, kí ni ẹ rò pé yóò máa rò nípa ẹ̀kọ?

Nínú ilé iṣẹ́ ìpolówó yìí gan-an ni a ti rí ọkùnrin kan tí ó yẹ kí a fi ìtàn rẹ̀ kọ́gbọ́n. J. D. 'Okhai Ojeikere ni orúkọ rẹ̀. A bí i ní 1930 ní ilẹ̀ Emai, ní ìpínlẹ̀ Ẹdó tí ó bá Òndó pààlà. Ní 1950 ó ra kámẹ́rà Brownie kékeré kan. Ní 1954 ó wọ iṣẹ́ ìjọba ní Ìbàdàn, níbi tí ó ti ń fọ fọ́tò nínú yàrá òkùnkùn. Ní 1961 ó lọ sí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ti Ìwọ̀ Oòrùn Nàìjíríà, èyí tí ó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn ní 1959. Láti 1963 títí di 1975, ó ṣiṣẹ́ ní Èkó fún West Africa Publicity, ilé iṣẹ́ ìpolówó ọjà tí a ti dá sílẹ̀ láti 1928. Ó mọ bí a ti ń tan ìmọ́lẹ̀ sí ọjà kí ó lè wu olówó.

Ṣùgbọ́n lọ́dún 1968, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ mìíràn tí kì í ṣe ti ìpolówó ọjà: ó ń ya irun tí àwọn obìnrin dì. Ó ń yà á láti ẹ̀yìn tàbí láti ẹ̀gbẹ́, kò sí ohun mìíràn lẹ́yìn rẹ̀ tí yóò fa ojú lọ. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún ni ó fi ṣe é, irun tí ó yà sì tó nǹkan bí ẹgbẹ̀rún kan. Kí ó tó kú ní 2014, àwọn ìlú ńlá ayé ti ń gbé fọ́tò náà kọ́ sí ara ògiri. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni irun dídì? Iṣẹ́ ọwọ́ obìnrin ni, tí ó wà ní gbogbo àdúgbò, tí a ó sì tú ká lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ojeikere rí i pé bí òun kò bá yà á, yóò lọ pẹ̀lú àwọn tí ó dì í. Bí irun bá ń lo ọ̀sẹ̀ méjì, mélòó ni iyán ń lò? Kò tó wákàtí kan! Ohun tí ó ṣe fún irun, oúnjẹ wa náà ń fẹ́ ẹni tí yóò ṣe é fún un.

Nísinsìnyí, a dé ibi tí ọ̀rọ̀ ti le. Àwọn tí ń fi àwòrán ta oúnjẹ kì í sábà ní sùúrù fún òtítọ́. Ní Amẹ́ríkà, iṣẹ́ wà fún àwọn tí kò ń ṣe ju kí wọ́n tún oúnjẹ ṣe fún kámẹ́rà lọ. Iná tí wọ́n ń tàn sí i gbóná púpọ̀, áísìkiríìmù kò sì lè dúró níwájú rẹ̀. Wọ́n á gún ànàmọ́ òyìnbó, wọ́n á po àwọ̀ mọ́ ọn, wọ́n á ní áísìkiríìmù ni. Wọ́n á da gọ́ọ̀mù funfun sínú àwo dípò mílíìkì. Wọ́n á fi iná ra adìyẹ lára, wọ́n á kùn ún ní àwọ̀ títí yóò fi pọ́n, inú rẹ̀ yóò sì wà ní tútù.

Ọ̀rọ̀ yìí dé ọ̀dọ̀ ìjọba wọn. Nínú ìpolówó ọbẹ̀ inú agolo ti ilé iṣẹ́ Campbell, wọ́n da àwọn ọmọ dígí róbótó-róbótó tí àwọn ọmọdé fi ń ṣeré sí ìsàlẹ̀ àwo. Ẹran àti ẹ̀fọ́ tí ìbá rì sí ìsàlẹ̀ wá jókòó lórí ọmọ dígí náà, wọ́n yọ sókè, àwo sì dà bí ẹni pé ó kún fọ́fọ́. Àjọ tí ń rí sí òwò ní Amẹ́ríkà, Federal Trade Commission, pe wọ́n lẹ́jọ́ lórí rẹ̀, ní 1970 sì ni ọ̀rọ̀ náà parí sí pé wọn kò gbọdọ̀ ṣe irú rẹ̀ mọ́. Ní Nàìjíríà náà, a dá àjọ NAFDAC sílẹ̀ nípa òfin ọdún 1993 láti máa ṣọ́ oúnjẹ àti oògùn, wọ́n sì ní agbára lórí ohun tí a kọ tàbí tí a yà sí ara páálí rẹ̀. Òfin ọdún 2022 sì dá àjọ ARCON sílẹ̀ láti máa bójú tó ìpolówó ọjà, dípò àjọ tí ó wà tẹ́lẹ̀ láti 1988.

Ṣùgbọ́n òfin kò lè wọ ilé ìdáná gbogbo ènìyàn. Láti ìgbà tí fóònù alágbèéká ti tàn kálẹ̀ ní orílẹ̀-èdè wa lẹ́yìn ọdún 2001, tí kámẹ́rà sì wá wà nínú rẹ̀, alásè tí ó wà ní Ìkàrẹ́ lè fi àwòrán ọbẹ̀ rẹ̀ ránṣẹ́ sí oníbàárà tí kò rí rí. Àwòrán nìkan ni ẹni yẹn ní láti fi yan ẹni tí yóò gba owó rẹ̀. Bí ó bá san owó ọbẹ̀ tí ẹran kún bò, tí omi ṣẹ́ẹ́ṣẹ́ wá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, olè ni wọ́n jà á, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnikẹ́ni kò wọ àpò rẹ̀.

Níbo wá ni ààlà wà láàárín ọ̀ṣọ́ àti ẹ̀tàn? Ọ̀nà tí mo rò pé a lè fi mọ̀ ọ́n rọrùn. Ẹ rántí obìnrin tí ó fi omi tútù pa iyán lórí. Ó ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́ nítòótọ́, ṣùgbọ́n iyán tí àlejò rí náà ni àlejò jẹ. Ohun tí ẹ bá lè ṣe sí oúnjẹ tí ẹ fẹ́ gbé síwájú àna yín, ẹ lè ṣe é níwájú kámẹ́rà. Ohun tí ẹ kò bá lè gbé fún àna jẹ, yálà gọ́ọ̀mù ni o, yálà ọmọ dígí, ẹ má yà á fún oníbàárà.

Ẹ̀tàn nìkan kọ́ ni àwòrán lè fi bà wá jẹ́. Ó tún lè sọ oúnjẹ wa di ohun tí kì í ṣe tiwa mọ́. Ní 2014, gbajúmọ̀ alásè ilẹ̀ England kan, Jamie Oliver, gbé ìlànà ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù jáde. Ó fi tòmátì wẹ́wẹ́ tí ó ṣì wà lórí ẹ̀ka rẹ̀ sí i, ó fi ewé tútù àti ọsàn lẹ́mọ́ọ̀nù tí a gé sí i. Àwọn ọmọ Nàìjíríà, Gánà àti Sẹ̀nẹ̀gà fi ariwo ta. Àwọn kan ní ọ̀rọ̀ kékeré ni wọ́n sọ di ńlá. N kò rò bẹ́ẹ̀. Àwọn tí ń pariwo mọ̀ pé ẹni tí kò jẹ jọ̀lọ́ọ̀fù rí yóò wo àwòrán òkèèrè, yóò gbà pé bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe ń rí. Bí a bá sì jókòó láìya tiwa, ta ni a ó dá lẹ́bi pé ẹlòmíràn bá wa yà á?

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a yà á, kí a sì yà á dáadáa. Iyán wà lára àwọn oúnjẹ tí ó nira jù láti yà, nítorí pé funfun lásán ni, kò ní igun, kò ní àmì. Bí ẹ bá tan iná kámẹ́rà sí i láti iwájú, yóò tẹ́ pẹẹrẹ bí bébà. Bí ẹ bá dúró lé e lórí, bí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ti ń ṣe nísinsìnyí, gíga rẹ̀ yóò sọnù, yóò di òbìrípo funfun kan. Ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn tàbí fèrèsé, kí ìmọ́lẹ̀ wá láti ẹ̀gbẹ́ kan. Òjìji tí yóò wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì ni yóò fi hàn pé ó rí róbótó. Ẹ gbé e sínú igbá tàbí àwo tí àwọ̀ rẹ̀ ṣú, kí funfun rẹ̀ lè yọ. Ẹ bẹ̀rẹ̀, kí kámẹ́rà wà ní ibi tí ojú ẹni tí ó jókòó tì í yóò wà. Ẹ sì yára, nítorí pé bí ara iyán bá ti gbẹ, dídán rẹ̀ yóò lọ.

Ní ti ọbẹ̀, ẹ jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ wá láti ẹ̀yìn rẹ̀ díẹ̀. Nígbà náà ni epo yóò máa tàn. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹ̀fọ́ pẹ́ lórí iná, nítorí pé bí ó bá ti jinná jù, àwọ̀ ewé rẹ̀ yóò ṣá, kámẹ́rà kò sì lè dá a padà. Ẹ nu etí àwo. Ẹ kó ohun tí kò kan oúnjẹ náà kúrò lẹ́yìn rẹ̀, bí Ojeikere ti ṣe fún irun.

Lẹ́yìn èyí, ẹ ṣe ohun kan sí i tí àwọn tí ń polówó ọjà kì í ṣe. Ẹ ya odó àti ọmọ odó. Bí ẹni tí ó gún iyán náà bá gbà, ẹ ya ọwọ́ rẹ̀, kí ẹ sì ya ojú rẹ̀. Ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, ẹ kọ orúkọ iṣu náà, ẹ kọ ìlú àti ọdún. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, nítorí pé fóònù ń bọ́ sómi, olè sì ń gbé e lọ. Ẹ fi í sínú àpótí kan náà tí fọ́tò bàbá àgbà wà. Irú ọbẹ̀ kan wà ní Ṣúpárè, ní Ọ̀kà àti ní Ìkàrẹ́ tí ó jẹ́ pé ìyá arúgbó kan ṣoṣo nínú agbo ilé ni ó mọ̀ ọ́n sè mọ́. Ọdún tí ẹ bá fi falẹ̀, ẹ kò lè rí i rà padà.

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní iyán ogún ọdún a máa jóni lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ àtijọ́ tí ó lè padà dìde ni àwọn àgbà ń fi òwe yìí sọ, kì í ṣe ọ̀rọ̀ fọ́tò. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ya iyán ìyá rẹ̀ lónìí, tí ó sì kọ orúkọ ìyá náà sí ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ ṣí àpótí náà ní ogún ọdún sí i. Yóò rí i pé òtítọ́ ni àwọn àgbà sọ.